Díìsìkì 1 TB tó kún dẹ́nu: bí mo ṣe tú u palẹ̀ tí mo sì tún un tò

"No space left on device." Ohun tí kọ̀ǹpútà kọ sí mi lójú nìyẹn nígbà tí mo fẹ́ gbé fídíò kan tí kò ju 3 GB lọ sórí díìsìkì tí mo ń kó nǹkan pa mọ́ sí. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń da nǹkan sínú rẹ̀: àwòrán, ohùn tí mo gbà sílẹ̀, ìwé, iṣẹ́ tó parí àti èyí tí kò parí. Fódà mẹ́ta ló ń jẹ́ `backup`, `backup2` àti `backup_tuntun`, n kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́ pé èyí báyìí ni ojúlówó nínú wọn. Mo lè lọ ra díìsìkì tó tóbi jù ú lọ, àmọ́ rúdurùdu inú ti àkọ́kọ́ yìí náà ni màá kó lọ sínú rẹ̀. Mo ní rárá, màá tò ó. Alẹ́ mẹ́rin ló gbà mí.

Linux ni mo ń lò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àṣẹ tó wà nísàlẹ̀ yìí wà lórí Mac náà, ṣùgbọ́n àwọn àmì tó ń tẹ̀ lé wọn lè yàtọ̀, nítorí náà ẹ fi `man`, ìwé ìtọ́ni inú kọ̀ǹpútà, wo àṣẹ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Òfin kan ṣoṣo ni mo ṣe fún ara mi kí n tó bẹ̀rẹ̀: àṣẹ kankan kò gbọdọ̀ pa fáìlì rẹ́ tàbí kó yí orúkọ rẹ̀ pa dà láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún mi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rú òfin yẹn, ẹ ó sì rí ohun tó ti ìdí rẹ̀ yọ.

Alẹ́ kìn-ín-ní: ibo ni àyè yìí gbà lọ?

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo fi rsync, ètò tó ń da fáìlì kọ, da gbogbo rẹ̀ kọ sórí díìsìkì kejì:

```
rsync -a --info=progress2 /mnt/ile/ /mnt/eda/
```

Ẹ kíyè sí àmì `/` tó wà lẹ́yìn `ile`. Tó bá wà níbẹ̀, ohun tó wà nínú fódà náà ni rsync máa kó. Tí ẹ bá yọ ọ́, fódà náà fúnra rẹ̀ ló máa gbé, ẹ ó wá bá `/mnt/eda/ile` níbi tí ẹ kò fojú sí. Àmì `-a` ló ń jẹ́ kí ọjọ́ tó wà lára fáìlì, ẹni tó ni ín àti ìyọ̀ǹda tó wà lórí rẹ̀ bá a dé ibi tó ń lọ. `cp` lásán kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ da fáìlì kọ ló máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀dà tuntun náà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ó ń bọ̀ wá bá mi ní alẹ́ kẹta.

Okùn díìsìkì yọ nígbà tí iṣẹ́ dé ìdajì. Mo fi okùn náà pa dà sí i, mo tún àṣẹ kan náà tẹ̀, rsync sì fo gbogbo èyí tó ti kó tẹ́lẹ̀. Ó máa ń fi bí fáìlì ṣe tóbi tó àti ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ wé ti ibi tó ń kó o lọ; tí méjèèjì bá dọ́gba, kò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Ọdún 1996 ni Andrew Tridgell àti Paul Mackerras gbé ètò yìí jáde, títí di òní n kò tíì rí èyí tí mo fọkàn tán bíi tirẹ̀.

Ó wá kan `df`, tó ń sọ iye àyè tó ti lọ àti èyí tó kù:

```
df -h /mnt/ile
```

Ó ní 916G ni gbogbo rẹ̀, 870G ti lọ, ó ku 0. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Tí a bá yọ 870 kúrò nínú 916, 46 ló yẹ kó kù. Ta ló gbé e?

1 TB tí wọ́n kọ sára díìsìkì jẹ́ báìtì tírílíọ̀nù kan gééré. Ìlọ́po 1024 ni `df -h` fi ń kà, ó sì di 931 lọ́wọ́ rẹ̀. Ext4, ìlànà tí Linux fi ń to fáìlì sórí díìsìkì, wá gba díẹ̀ nínú rẹ̀ fún àkọsílẹ̀ tirẹ̀. Ìyẹn kò ṣòro. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé tí wọ́n bá ṣe ext4 sórí díìsìkì, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n máa ń yà sọ́tọ̀ fún root, ìyẹn alábòójútó ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ lè ríbi mí nígbà tí àwa yòókù bá ti kún gbogbo ibẹ̀. Lórí díìsìkì tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, ẹ má fọwọ́ kàn án o. Ṣùgbọ́n lórí díìsìkì tó jẹ́ pé ẹrù nìkan la kó sí i, 46G ló jókòó lásán yẹn.

```
lsblk -f
sudo tune2fs -m 1 /dev/sdb1
```

Àṣẹ àkọ́kọ́ ló máa jẹ́ kí ẹ rí i dájú pé ext4 ni lóòótọ́, àti orúkọ tí díìsìkì náà ń jẹ́, nítorí `sdb1` tèmi lè jẹ́ `sdc1` lọ́dọ̀ tiyín. Bí 37G ló jáde láìpa fáìlì kan ṣoṣo rẹ́. Mo lè gbé fídíò mi sí i nígbà yẹn kí n sì lọ sùn. N kò ṣe bẹ́ẹ̀, torí mo fẹ́ mọ ohun tó wà nínú 870 yẹn.

```
du -h --max-depth=1 /mnt/ile | sort -h
```

`sort -h` mọ̀ pé 2G ju 900M lọ. `sort -n` kò mọ̀ ọ́n. 900 ló máa rí, á sì kà á sí èyí tó ju 2 lọ. Lẹ́yìn èyí mo ṣí `ncdu -r`, tó ń jẹ́ kéèyàn fi ọfà orí pátákó ìtẹ̀wé wọ inú fódà kan jáde sí òmíràn. Àmì `-r` yẹn ni pé kó jẹ́ wíwò nìkan, torí lẹ́tà `d` nínú ncdu ń pa fáìlì rẹ́, ọwọ́ sì lè ṣì tẹ̀ ẹ́. Àwọn fódà backup mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ gba 410G. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo lọ sùn.

Alẹ́ kejì: ẹ̀dà lórí ẹ̀dà

Orúkọ kì í sọ ohun tó wà nínú fáìlì. Mo ní `IMG_0042.JPG` mẹ́rin, àwòrán mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì wà nínú wọn. Ìtẹ̀ka la fi ń dá fáìlì mọ̀. `sha256sum` máa ka fáìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á sì kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà 64 jáde. Tí báìtì kan péré bá yí pa dà nínú fáìlì náà, ìtẹ̀ka á di òmíràn pátápátá. Fáìlì méjì tí ìtẹ̀ka wọn bá dọ́gba, ohun kan náà ló wà nínú wọn, orúkọ yòówù kí wọ́n máa jẹ́.

```
find . -type f -print0 | xargs -0 sha256sum | sort | uniq -w64 --all-repeated=separate
```

`-print0` àti `-0` tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹ lè yọ. Lórí Linux, nǹkan méjì péré ni kò lè wà nínú orúkọ fáìlì: àmì `/` àti báìtì òdo. Gbogbo ìyókù ló lè wọ ibẹ̀, títí kan àlàfo, títí kan bíbọ́ sí ìlà tuntun. Tí ẹ kò bá fi báìtì òdo pààlà láàárín àwọn orúkọ, xargs máa rí `iwe owo 2.pdf` bí fáìlì mẹ́ta, kò sì ní rí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tó bá wá jẹ́ `rm` lẹ ní kó ṣe, tí fáìlì kan tó ń jẹ́ `iwe` sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ìyẹn ló máa pa.

Àṣẹ yìí ṣiṣẹ́, àmọ́ gbogbo 870G ló ń kà. Mo dá a dúró lẹ́yìn wákàtí kan, mo sì bọ́ sọ́dọ̀ `rdfind`. Òun gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kọ́kọ́ ń wo bí fáìlì ṣe tóbi tó, nítorí fáìlì tí kò sí èyí tó bá a tóbi dọ́gba kò lè ní ẹ̀dà, kò sì sí ìdí láti ṣí i rárá. `fdupes` náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì tún ń fi báìtì wé báìtì ní ìparí. Ohun tó jẹ́ kí n yan rdfind ni pé fódà tí ẹ bá kọ́kọ́ dárúkọ ni ó máa kà sí ojúlówó:

```
rdfind -dryrun true -deleteduplicates true aworan backup backup2 backup_tuntun
```

`-dryrun true` ni pé kó wí, kó má ṣe é. Ó ní òun lè dá nǹkan bíi 349 GiB pa dà. Kí n tó gbà fún un, mo ka ohun tó kọ sínú `results.txt`, mo sì dúpẹ́ pé mo kà á. Àwọn fáìlì kan nínú fódà iṣẹ́ mi jọra wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló nílò tirẹ̀. Tí a bá yọ ọ̀kan, iṣẹ́ yẹn kò ní ṣí mọ́. Mo kó àwọn fódà iṣẹ́ kúrò nínú backup sí ibòmíràn, mo tún un ṣe, mo wá yí `true` ti àkọ́kọ́ sí `false`.

Mo pe `df`. Ó ṣì kù bíi 30G kí ó pé iye tí mo ń retí. Fáìlì kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Orúkọ kàn ń tọ́ka sí ibi tí fáìlì wà ni. `rm` orúkọ ló ń yọ. Àyè kò ní pa dà títí orúkọ gbogbo á fi tán, tí kò sì ní sí ètò kankan tó ṣì di fáìlì náà mú. Ẹ tẹ èyí:

```
sudo lsof +L1
```

Gbogbo fáìlì tí kò lórúkọ mọ́ àmọ́ tí ètò kan ṣì ṣí sílẹ̀ ló máa kà fún yín. Lọ́dọ̀ tèmi, ètò tó ń ṣe àwòrán kékeré fún fídíò ló di fídíò ńláńlá mẹ́ta mú. Mo pa ètò náà, 30G sì jáde lójú ẹsẹ̀.

Alẹ́ kẹta: ibi tí mo ti ṣìṣe, àti orúkọ tó ní àmì ohùn

Mo fẹ́ kí orúkọ àwòrán máa sọ ọjọ́ àti aago tí mo yà á. Ó ti rẹ̀ mí, mo sì rò pé ohun kékeré ni. Mo tẹ èyí láìdán an wò:

```
for f in *.JPG; do mv "$f" "$(date -r "$f" +%Y-%m-%d_%H%M%S).jpg"; done
```

Tẹ́mínà, ojú ibi tí mo ti ń tẹ àṣẹ, kò sọ nǹkan kan. Mo fi `ls | wc -l` kà wọ́n. Kí n tó tẹ àṣẹ yẹn, 6,214 ni wọ́n. Wọ́n ti di 5,803. Àyà mi já.

Ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ kan fáìlì kẹ́yìn ni `date -r` ń wò, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, `cp` lásán ni mo fi kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn àwòrán yẹn wá, ó sì kó mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà wọ́n jẹ́ orúkọ kan náà, `mv` sì gbé ìkejì lé àkọ́kọ́ lórí láìbéèrè. Àwòrán 411 ló lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀dà alẹ́ kìn-ín-ní ló yọ mí. Mo sọ fódà tó bàjẹ́ di `aworan_baje`, mo fi rsync dá ti orí `eda` pa dà, mo tún rdfind ṣe lé e lórí, 6,214 sì pé. Ìgbà yẹn ni mo tó ṣí `exiftool` tí Phil Harvey kọ, tó ń ka ọjọ́ tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ kọ sínú àwòrán, èyí tí `cp` kò lè yí pa dà:

```
exiftool '-TestName<DateTimeOriginal' -d '%Y-%m-%d_%H%M%S%%-c.%%le' aworan/
```

`TestName` ń fi orúkọ tuntun hàn láìyí nǹkan kan. Tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi `FileName` rọ́pò rẹ̀. `%%-c` ló ń fi -1, -2 sí i lára tí orúkọ méjì bá fẹ́ kọlura. Ẹ má gbàgbé àmì `'` tó wà lápá méjèèjì, torí tí kò bá sí níbẹ̀, tẹ́mínà máa rò pé `<` ni pé ká ka fáìlì kan wọlé. Láti ọjọ́ yẹn, `mv -n` ni mo ń tẹ̀. Kì í gbé fáìlì lé òmíràn lórí.

Lẹ́yìn èyí ni mo dé fódà ìwé, ibẹ̀ sì ni mo ti rí ohun tó gbà mí lọ́kàn jù nínú iṣẹ́ yìí. Fáìlì méjì wà nínú fódà kan, orúkọ méjèèjì sì rèé:

```
ọ̀rọ̀.txt
ọ̀rọ̀.txt
```

Kò yẹ kí ó ṣeé ṣe. Orúkọ kan kò lè jẹ́ ti fáìlì méjì nínú fódà kan ṣoṣo. Mo tún wò wọ́n, lẹ́tà sí lẹ́tà, àmì sí àmì. Kò sí ìyàtọ̀ tí ojú lè rí. Wọ́n ní ẹni tó bá fara balẹ̀ tú èèrà yóò rí ìfun inú rẹ̀, nítorí náà mo tẹ `ls | xxd` kí n lè rí báìtì inú orúkọ náà. Bí wọ́n ṣe kọ `ọ̀` nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan nìyí:

```
e1 bb 8d cc 80
6f cc a3 cc 80
```

Ti àkọ́kọ́ jẹ́ `ọ` tó ti ní àmì abẹ́ lára láti ilẹ̀, U+1ECD, tí wọ́n wá gbé àmì ohùn ìsàlẹ̀ lé lórí, U+0300. Ti ìkejì jẹ́ `o` lásán, tí wọ́n fi àmì abẹ́ sí, tí wọ́n sì tún fi àmì ohùn sí. Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún `ọ`, ó ní ọ̀kan fún `ò`, ṣùgbọ́n kò ní ọ̀kan fún `ọ̀`. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà wa kan fi ní ju ọ̀nà kan lọ tí wọ́n lè gbà kọ ọ́. Mo wá ọ̀nà kẹta kiri, mo sì rí i nínú fódà mìíràn: `c3 b2 cc a3`, ìyẹn `ò` tí wọ́n wá fi àmì sí lábẹ́ lẹ́yìn náà. Bí pátákó ìtẹ̀wé kọ̀ọ̀kan bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni ó ṣe ń rí. Linux kì í dá sí i. Báìtì tí ẹ bá fún un ni ó ń tọ́jú. HFS+, ìlànà tí Mac fi ń to fáìlì sórí díìsìkì láyé àtijọ́, a máa tú orúkọ sí ọ̀nà kejì kí ó tó fi pa mọ́. Fáìlì mi ti lọ sórí Mac rí, ó sì bọ̀ gẹ́gẹ́ bí àlejò, tí rsync kò fi dá a mọ̀.

Ohun tí èyí ń fà pọ̀. `find . -name 'ọ̀rọ̀*'` lè sọ pé òun kò rí nǹkan kan nígbà tí ẹ̀yin ń wo fáìlì náà níwájú yín. Àwọn kan máa ń gbani nímọ̀ràn pé kí a má fi àmì sórí orúkọ fáìlì mọ́. N kò gbà. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ohun kan náà, èmi kò sì ní fódà tí wọ́n ti máa di ọ̀kan. Ẹ̀rọ ló yẹ kó bá wa mu, ohun èlò rẹ̀ sì wà:

```
convmv -r -f utf8 -t utf8 --nfc .
```

Àṣẹ yìí ń sọ gbogbo orúkọ di ti ọ̀nà àkọ́kọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé wíwí nìkan ni ó ń wí. Àfi tí ẹ bá fi `--notest` kún un ni yóò ṣe é. Tí orúkọ náà bá sì ti wà nílẹ̀, kò ní gbé e lé e lórí. Ibi tó ti dúró sí mi lọ́wọ́ nìyẹn, lórí `ọ̀rọ̀.txt` méjì yẹn. Àwọn nìkan ló wà nínú fódà náà, torí náà `cmp *` tó láti fi wọ́n wéra. Wọn kò dọ́gba. Ọ̀kan jẹ́ èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, ìkejì ni mo ti tún ṣe, mo sì fẹ́ méjèèjì. Báwo ni màá ṣe pe ọ̀kan láìpe èkejì? Nọ́ńbà inode rẹ̀, èyí tí díìsìkì fi ń dá fáìlì mọ̀ láìwo orúkọ, ni mo fi pè é:

```
ls -i
find . -inum 131842 -exec mv -n {} ọ̀rọ̀_àkọ́kọ́.txt \;
```

Ó dùn mọ́ mi nínú tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi kọ ọ́ sára ìwé. Fáìlì yòówù tí orúkọ rẹ̀ kò bá ṣeé tẹ̀, ẹ lè pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ tún rántí pé báìtì 255 ni orúkọ fáìlì lè gùn mọ lórí ext4. `ọ̀` kan gba márùn-ún, nítorí náà 51 péré nínú rẹ̀ ló kún un.

Alẹ́ kẹrin: ìtẹ̀ka gbogbo ilé

Mo kọ ìtẹ̀ka gbogbo fáìlì sílẹ̀ kí n tó tún ẹ̀dà ṣe:

```
cd /mnt/ile
find . -type f ! -name iteka.txt -print0 | sort -z | xargs -0 sha256sum > iteka.txt
```

Mo yọ `iteka.txt` fúnra rẹ̀ kúrò, nítorí tẹ́mínà ti ṣí i sílẹ̀ kí find tó bẹ̀rẹ̀, á sì wọ inú ìwé ara rẹ̀.

```
rsync -ain --delete /mnt/ile/ /mnt/eda/ | less
```

`n` ni pé kó má ṣe é, `i` ni pé kó sọ fáìlì kọ̀ọ̀kan. Ìlà tó ní `*deleting` pọ̀ gan-an, nítorí rsync kì í mọ̀ pé a yí orúkọ padà. Lójú tirẹ̀, ti àtijọ́ kú, ti tuntun dé. Mo rí fódà ohùn kan láàárín wọn tí n kò rántí pé mo fọwọ́ kàn. Mo dúró, mo wá a, mo bá a nínú fódà iṣẹ́ tí mo gbé e lọ ní alẹ́ kejì. Ìgbà náà ni mo tó yọ `n`.

Ohun tó kù ni kí n mọ̀ bóyá ohun tó wà lórí ẹ̀dà jẹ́ ohun tó wà nílé ní tòótọ́, kì í ṣe pé ó tóbi bákan náà lásán:

```
cd /mnt/eda
sha256sum -c --quiet iteka.txt
```

Pẹ̀lú `--quiet`, èyí tó bá bàjẹ́ nìkan ló ń dárúkọ. Mo jókòó tì í fún bíi wákàtí mẹ́ta. Kò dárúkọ ìkankan, ó kàn dá tẹ́mínà pa dà fún mi. Mo gbé fídíò 3 GB yẹn sórí díìsìkì, mo pe `df -h`: 524G ti lọ, ó ku 383G.